Àwo Ọ̀kín Ara Ògiri Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé Ìyá Àgbà ní Ìtòkò, àwo mélòó ni n kò fọ̀? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, kànrìnkàn àti eérú kì í kúrò lọ́wọ́ mi, títí ìka mi á fi hunjọ. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ láfún nínú abọ́ páánù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwo kan ṣoṣo ni n kì í fọ̀. Ara ògiri pálọ̀ ló wà, àwo tánńganran tí wọ́n ya ọ̀kín sí, tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Bàbá Àgbà, tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló rà á bọ̀ láti òkè òkun kí ó tó kú. Ìyá Àgbà kò kàwé, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò lè ta ayédèrú àwo fún un. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa gbé àwo tí wọ́n fẹ́ rà wá kí ó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Á fi èékánná ta á létí, á tẹ́tí sí i: ojúlówó á dún gooro, ayédèrú á dún kọ̀. Lẹ́yìn náà á gbé e kọjú sí oòrùn, á na ìka sẹ́yìn rẹ̀.

"Bí ẹ bá rí òjìji ìka mi, tánńganran ni. Bí ẹ ò bá rí i, amọ̀ lásán ni, ẹ máa fi jẹun."

Ẹ ó rántí pé bí Kérésì bá dé nígbà náà, a máa ń gbé oúnjẹ fún àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bó bá di Iléyá, tiwọn náà á dé. Kí àwo má baà há sílé onílé, kálukú ló ní àmì tó ń fi ọ̀dà kùn sí ìdí tirẹ̀. Ìlà pupa méjì ni tiwa. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, Ìyá Àgbà kó àwo àti ọ̀dà lé mi lọ́wọ́, ó gba ọjà Ìtòkú lọ ta àdìrẹ rẹ̀. Mo kun gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀dà ṣẹ́kù. Ni èmi ọmọ rere bá gun àga, mo sọ àwo ọ̀kín kalẹ̀. Àmì búlúù kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀, adé àti lẹ́tà díẹ̀. Mo fa ìlà pupa méjì gbàgàdà lé e lórí, mo gbé e padà sára ògiri. Mo rò pé mo ṣe bẹbẹ ni.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Àpótí, mátírẹ́ẹ̀sì, bàtà: àwọn nǹkan tí wọ́n ní kí n kó wá pọ̀. Mo kà á fún Ìyá Àgbà. Ó wo ògiri pẹ́, ó ní, "Ọ̀kín yìí ti jókòó tó. Kó dìde kó lọ ṣiṣẹ́." Ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Èkó tó máa ń ra ohun àtijọ́.

Ọkùnrin náà dé, ó ta àwo létí, ó dún gooro. Ó gbé e sí oòrùn, ó rẹ́rìn-ín. Ló bá yí ìdí rẹ̀ sókè.

"Háà, Màmá! Ta ló kun èyí? Àmì àwọn tó ṣe é ló wà lábẹ́ ibí yìí. Ẹni tí mo fẹ́ tà á fún, ìdí ló máa kọ́kọ́ wò. Bí a bá sì ní ká máa họ ọ́, ó lè bàjẹ́ jù báyìí lọ. Ẹ má bínú, ìdajì ni mo lè san."

Ìyá Àgbà wò mí. Mo wolẹ̀. Ẹ mọ pàṣán ayé ìgbà yẹn.

"Bóyá èmi náà ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Ogbó ti dé." Ó gba ìdajì náà.

Mo wọlé ẹ̀kọ́ láìsí mátírẹ́ẹ̀sì. Àkísà àdìrẹ tí Ìyá Àgbà rán pọ̀ ni mo ń sùn lé. Ìyẹn ò dùn mí tó bí mo ṣe jẹ́ kí ìyá tó tọ́ mi rò pé iyè òun ti ń ra.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí n tó di tíṣà. Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo ra àwo aláràbarà kan ní ọjà Kútọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ni ìlà tiẹ̀ máa ń wọ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí bí kò ṣe ìwọ ọlọ́wọ́ òsì? Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Mo bú sẹ́kún. Ó gba àwo tuntun náà, ó ta á létí. Kọ̀! Ó ní kí n lọ bu ìrẹsì sí i.

Nígbà tiwa, a mọ ìkúnlẹ̀, a mọ bí a ti ń kí àgbà, a sì mọ àwo fọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n fi ń ya àwo bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tó jẹ́. Ká ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, ìjà ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fọ́ àwo tí mo fẹ́ràn jù. Mo ṣì ń gbọ́ ìró àwo náà nígbà tí ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni."

Mo la ẹnu láti bú u, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ni mo mú. Ìyá Àgbà dúró dè mí fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ tèmi ò jẹ́ kí n dúró ìṣẹ́jú kan.