Ìdè Ọlọ́wọ́ Òsì

Ẹ̀gbọ́n Elétí ni gbogbo wa ń pè é níléeṣẹ́ iná, títí kan ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Orúkọ àbísọ rẹ̀ wà nínú fáìlì, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ariwo ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí rédíò ẹnìkan bá ń ta kàkàkà bí epo gbígbóná tí omi kán sí, ó lè jẹ́ pé nǹkan ti tú lórí òpó iná, tí iná ń fò láti ara irin kan sí èkejì, tí rédíò sì ń gbé ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á mú rédíò kékeré kan lọ́wọ́, á máa yí i sọ́tùn-ún sósì, á máa tẹ̀lé ariwo náà láti òpó dé òpó. Bó bá fura sí ọ̀kan, á fi òòlù onígi gbá a nídìí. Bí ohùn inú rédíò bá yí padà, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Èmi ni awakọ̀ rẹ̀. N kì í gba ìtàn òkú gbọ́, mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé orí mi dàrú. Àwọn tó ń rí iwin nídìí gbogbo igi máa ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Télọ̀ kan ló mú ẹjọ́ wá. Ó ní òun kò rí bọ́ọ̀lù gbọ́ lórí rédíò mọ́. Bí wọ́n bá ti fẹ́ gbá a wọlé báyìí, kàkàkà á bò ó, ìgbà tí àwọn ará àdúgbò kejì bá hó yèè ni òun tó ń mọ̀. "Inú bí mi débi pé mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà méjèèjì pọ̀!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n Elétí kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè àdúgbò tó ń gbé, nígbà tó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ilé ìyàwó wa wà ládùúgbò yẹn," ló sọ fún mi.

Ìyàwó tí Ọlọ́wọ́ Òsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú, fi sílẹ̀ ló ń wí. Ẹ̀gbọ́n àti Ọlọ́wọ́ Òsì jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n jọ ń gun òpó kí ikú tó mú ọ̀kan lọ. Lókè òpó, wáyà ńlá máa ń jókòó lórí ife tánganran kan, wáyà tín-ín-rín la fi ń dì í mọ́ ọn kó má baà ṣí kúrò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń lọ́ ìdè yìí sápá ọ̀tún. Ọkùnrin yẹn nìkan ló ń lọ́ tirẹ̀ sápá òsì, ọ̀gá sì pariwo títí ó fi sú u. Àṣà kan tún wà láàárín wọn: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìdè ló ń parí rẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kan ìdè ẹlòmíràn, bí ìgbà tí o bú u pé kò mọṣẹ́ ni. Lójú tèmi, ìgbéraga lásán ni, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

A débẹ̀ lọ́sàn-án. Ariwo náà mú wa láti ẹnu ọ̀nà télọ̀ lọ sídìí òpó kan tó wà lẹ́yìn ilé obìnrin náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n gbá a ní òòlù. Rédíò ọwọ́ rẹ̀ ké wìì, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ilé náà, nǹkan mìíràn ké wìì, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ta ló ń lu ọkọ mi?"

Orí mi wú. Ẹ̀gbọ́n rọra gbé òòlù sílẹ̀.

"Èmi ni, ìyàwó wa. Má bínú."

Ó mú wa wọlé. Yàrá náà mọ́ tónítóní, bàtà iṣẹ́ ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n kùn ún dúdú dán. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí fèrèsé, rédíò oníbátìrì kan sì jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ níbi tí kò sí ìkànnì kankan. Kàkàkà náà nìkan ló ń jáde. Atẹ́gùn fẹ́ lóde, ohùn náà lọ sókè, ó tún wálẹ̀, bí ẹni tó ń mí.

"Ẹ gbọ́ ọ àbí?" ló wí. "Tí wọ́n bá mú iná lọ, òun náà á lọ. Mo máa ń sọ pé ó ti lọ tún un ṣe nìyẹn. Tí òjò bá ti ń rọ̀, á dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò fẹ́ràn òjò. Òjò ló lé e sọ̀kalẹ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn, tó wá dùbúlẹ̀ tí ò dìde mọ́. Ó ṣáà ń sọ pé tílẹ̀ bá mọ́, òun á lọ parí ẹ̀."

"Parí kí ni?"

"Èmi ò mọ̀. Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n Elétí dìde, ó jáde, ó gbé awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra sójú. Ó pẹ́ kó tó gbé e fún èmi náà. Ìdè kan wà lókè níbẹ̀, wọ́n lọ́ ọ sápá òsì dé ìdajì, ẹnu rẹ̀ sì ń jù fìrìfìrì nínú afẹ́fẹ́. Wáyà ńlá ń fò lórí ife, iná ti jẹ ẹ́ tín-ín-rín. Bí òjò bá rọ̀, omi á dí àlàfo náà, ariwo á sì dákẹ́. Mo mọ gbogbo ìyẹn, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí.

"Iná gbọ́dọ̀ kúrò," ó sọ fún obìnrin náà nígbà tó padà wọlé. "Mo fẹ́ gun òkè lọ so wáyà yẹn. Kò ní pẹ́ já mọ́, orí páànù rẹ ló sì máa já sí."

"Ẹ jẹ́ kó já lù mí." Ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ẹ ti bá mi gbé e sin lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ tún fẹ́ gbé e lọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, àánú àwọn méjèèjì sì ṣe mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

"Ìyàwó wa, kì í ṣe òun nìyẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó so ó dé ìdajì, òjò dé. Nígbà tó kú, a tan iná padà, kò sẹ́ni tó gòkè lọ wò ó, torí a kì í wo ẹ̀yìn ìdè ara wa. Gbogbo ọjọ́ tó o ti ń gbọ́ ọ yìí, iṣẹ́ tó fẹ́ parí ni."

Obìnrin náà wo rédíò náà títí. Ó nu ojú, ó sì dìde.

"Ṣé apá òsì lẹ máa lọ́ ọ sí?"

"Apá òsì ni."

Mo pe ibùdó kí wọ́n pa iná. Rédíò dákẹ́ wọ̀ọ̀. Ẹ̀gbọ́n gòkè, ó fi irin dí ibi tí iná ti jẹ lára wáyà, ó wá kọjú sí ìdè náà. Kò tú ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe. Láti ibi tó parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì tí kò mọ ẹ̀mú í dì mú lọ́ wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mú ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá. Èmi tí mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo dúró nísàlẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí òjò rọ̀.

Nígbà tí wọ́n tan iná padà, oòrùn ti ń wọ̀. Télọ̀ pariwo "Ó wọlé o!" lódìkejì, òun ló tiẹ̀ kọ́kọ́ hó ládùúgbò. A wọlé lọ bá obìnrin náà. Rédíò wà ní títàn, ṣùgbọ́n èémí ti tán nínú rẹ̀. Obìnrin náà gbé e kúrò lórí àga, ó fi ọwọ́ gbọn tìmùtìmù, ó kọjú sí àga náà, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀gbọ́n Elétí la ẹnu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Kì í ṣe òun ni obìnrin náà ń kí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síbẹ̀, a ń tẹ́tí.