Orúkọ tí Ó Wà nínú Tábúlẹ́ẹ̀tì

Kí ìyá mi tó kú, ó pè mí sí yàrá rẹ̀ ní Adja-Ouèrè, ó ní kí n gba ohùn òun sínú tábúlẹ́ẹ̀tì mi. Àbúrò mi obìnrin wà nínú oyún nígbà náà. Orúkọ tí ìyá mi yàn fún ọmọ náà ni ó fẹ́ sọ síbẹ̀. Ó ní kí n jáde kí òun tó sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ títí di òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ, níwájú gbogbo ẹbí. Mo pa àṣẹ náà mọ́.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la ni iná lọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀: àwọn tí ó ń ṣàkóso wa ti ri òpó kọjá iwájú ilé wa, wọ́n ya fọ́tò ara wọn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pe ìyẹn ní ìlọsíwájú. Òpó wà, wáyà wà. Iná nìkan ni kì í gbé ibẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá tí a lè yá ládùúgbò ti lọ síbi òkú ní Ikpinlè. Tábúlẹ́ẹ̀tì mi sì ti kú pátápátá.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni ó kù, iná inú bátìrì rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní òwúrọ̀, mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, mo fi wáyà so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ihò USB tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná tí ihò yẹn ń fúnni kò tó nǹkan. Bí ẹni ń fi ṣíbí pọnmi kún àmù ni. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà náà, mo sì bọ́ síta láti to àga.

Òjò ṣú. Ààrá sán lọ́nà Kpoulou. Nígbà tí mo padà wọlé, aṣọ ti bo jígí ara ògiri, a ti pa kọ̀ǹpútà náà dé, aṣọ sì bò ó pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ.

"Ìyá Àgbà, ta ló pa kọ̀ǹpútà yìí dé?"

"Èmi ni. Ṣé a máa ń ṣí ohun tó ń dán sílẹ̀ tí ààrá bá ń sán ni?"

"Ṣebí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"

"Wáyà lo ní ká má fọwọ́ kàn, akọ̀wé. Wáyà rẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Gbogbo ìwé tó o kà, wọn ò sọ fún ọ pé ààrá kì í bèèrè sàtífíkéètì lọ́wọ́ èèyàn?"

Bí a bá ti pa ìdérí kọ̀ǹpútà náà dé, ńṣe ni ó ń sùn, ihò rẹ̀ a sì dákẹ́. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń to àga, tábúlẹ́ẹ̀tì kò rí nǹkan kan mu. N kò lè bínú sí Ìyá Àgbà. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ni ó ṣe, láti dáàbò bo ilé. Àwọn tí mo ń bínú sí kò sí lábẹ́ òrùlé wa.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà padà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí bátìrì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi tán. Ààfáà ti dé, ìsọmọlórúkọ mìíràn sì ń dúró dè é ní Kpoulou. Mo tan tábúlẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú ìwọ̀nba iná tí ó rí gbà.

Ohùn ìyá mi jáde. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Ìyá mi kí ààfáà. Ó kí bàbá mi, ó kí àwọn àna, ó kí Ìyá Àgbà, ó kí ẹni tí ó ti oko wá àti ẹni tí ó ń dáná lẹ́yìnkùlé. Kò fo ẹnikẹ́ni. Mo ń wo àmì bátìrì tí ó ti pupa, mo ń bẹ òkú nínú ọkàn mi pé kí ó yára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọmọ lórúkọ láì kọ́kọ́ kí ilé?

"Orúkọ tí mo mú wá fún ọmọ yìí," ni ó wí, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì sì ṣókùnkùn.

Ààfáà dúró díẹ̀, ó tún dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn fún ọmọ náà, ó ṣàdúrà. Wọ́n jẹun, òjò dé, wọ́n tú ká.

Ọ̀sán ni iná tó dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, bí ẹni pé oore ni wọ́n ṣe fún wa. A gbọ́ orúkọ náà nígbà náà: bàbá mi, àbúrò mi, Ìyá Àgbà àti èmi. Ìyá Àgbà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó pè é sókè. Àwọn àga òfìfo tí omi òjò dúró lórí wọn ni ó gbọ́ ọ.

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Akọ̀wé, wọ bàtà rẹ. Ojúlé dé ojúlé la ó ti lọ pè é."

A kò tíì yọ sójú títì tí iná fi tún lọ.