Ṣíìfù Ẹnu Géètì

Ọjọ́ Ajé kan ni, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka aago. Ọlidé ni, mo wà nílé. Bàbá mi wọlé ní àsìkò tí kì í wọlé, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó. Ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun tó ti ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó bí mi ti ti géètì pa. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi díẹ̀, wọn yóò pè wọ́n.

N kò mọ ẹni tó sọ "díẹ̀" yẹn. Bàbá mi ní mánéjà ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní akọ̀wé ni, kò sì sí ẹni tó rí ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ kan tún tẹ̀lé e, pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí géètì, àwọn tó bá ń wá síbẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà padà. Ọ̀rọ̀ yìí ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Kàkà kí wọ́n tú ká lọ wá iṣẹ́ mìíràn, ṣe ni wọ́n pín ìdúró sí ṣíìfù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ tẹ́lẹ̀ ń dúró lẹ́nu géètì láti aago mẹ́fà títí di aago méjì, àwọn ti ọ̀sán á wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i ni yóò fi fóònù pe àwọn yòókù. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì jókòó rò ó kí wọ́n tó ṣe é.

Yunífọ́ọ̀mù ni bàbá mi ń wọ̀ lọ. Ìyá mi ń dirun ní Òkè-Àfà, òun ló ń bọ́ gbogbo wa. Ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Bí bàbá mi bá ti ń dé, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Géètì yẹn ò tíì sá lọ?"

Bàbá mi á ní, "Ó wà níbẹ̀, màámi. A ń ṣọ́ ọ."

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi.

Wọ́n máa ń sọ pé ìrètí ló ń gbé ènìyàn ró nígbà ìṣòro. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, n kò lè fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ìrètí ló gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ bàbá mi. Ọkùnrin kan ládùúgbò ń wá ẹni tí yóò máa bá a tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ó bẹ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ní òun níṣẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá sí géètì dín kù títí ó fi ku ẹni méjì: bàbá mi láàárọ̀, ọkùnrin kan lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago méjì kọjá, ọkùnrin náà kò dé. Òfin kan wà nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó máa gbà á ti dé, torí òwú lè já kí aṣọ bàjẹ́. Bàbá mi gbé òfin yìí wá sẹ́nu géètì tí kò sí òwú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ní aago márùn-ún, ìyá mi pè é. Ó ní ẹnìkejì òun ò tíì dé. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ìyá mi ti ṣọ́ọ̀bù, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ bá a.

Orí búlọ́ọ̀kù ló jókòó sí. Ó ní, "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ìyá mi ní, "Ṣíìfù ọ̀sán ni mí."

"Má bá mi ṣeré, jọ̀ọ́."

"Mi ò ṣeré. Mo pẹ́ ni, ẹ má bínú. Ẹ dìde, mo ti gbà á."

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kejì, ó gbé báàgì lé itan, ó kọjú sí géètì. Bàbá mi wò ó títí.

"Tí wọ́n bá ṣí i ńkọ́?"

"Màá pè yín."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, Dádì. Gbogbo wọn ti lọ."

Bàbá mi dìde, ó gbá ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìyá mi ṣì jókòó síbẹ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, n kò sì bi í rí.

Ayé ti yí padà. Èmi tí mo kàwé gboyè náà ń dúró de ìpè sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú fóònù ni mo ti ń dúró, lórí ibùsùn mi. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí ṣíìfù mi parí, kò sì sí ẹni tó lè wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní ọkùnrin ọ̀sán yẹn ti padà sí Ìwó; n kò lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní ìyá mi ló ní kí bàbá mi gba iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó lè jẹ́ ebi ló mú un gbà á. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni pé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà àárọ̀ lù, méje lù, bàbá mi ṣì ń sùn.