Ihò Tí Adéòkè Dí

Ẹni tó bá bi Bàbá Pius léèrè pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe, Bàbá á kọ́kọ́ wúkọ́. Á ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní yunifásítì. Bí olùwarẹ̀ bá tún béèrè pé kí ló ń kọ́ wọn, á ní, "Onígun mẹ́ta," á sì yára béèrè àlàáfíà ìdílé olùwarẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò purọ́. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni Adéòkè, onígun mẹ́ta ló sì ń tò jẹun. Ohunkóhun tó bá ní ara, ìbáà ṣe òkè, ìbáà ṣe egungun, á fi onígun mẹ́ta tín-tìn-tín hun àwọ̀n bò ó lójú kọ̀ǹpútà, títí ohun náà á fi dúró bí ẹni pé èèyàn lè nawọ́ mú un. Á wá kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, kí ẹni tí kò mọ ìṣirò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìṣirò ń sọ.

Kpata, àdúgbò kan létí odò ní Lọ́kọ́ja, ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí Bàbá kọ́ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ará Bùnú ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba gbé Bàbá wá sí Lọ́kọ́ja, Lọ́kọ́ja kò sì jẹ́ kó padà mọ́. Adéòkè kàwé ní Ìlọrin, ó tún lọ kà á kún un ní Jámánì. Níbẹ̀, àwòrán inú ọkàn àwọn aláìsàn ni wọ́n ń gbé fún un pé kó hun àwọ̀n rẹ̀, kí àwọn dókítà lè yí i síwá yí i sẹ́yìn kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ẹni tó ni ọkàn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní òfin kan ṣoṣo: bí o bá rí ihò, dí i. Ibi tí ẹ̀rọ kò bá ti ríran dáadáa ni ihò máa ń wà lára àwọ̀n, Adéòkè sì mọ ihò dí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn èèyàn ń fi àwọ̀n tó ti já ránṣẹ́ sí i láti ìlú tí kò dé rí, bí ẹni ń fi ṣòkòtò ránṣẹ́ sí télọ̀, ó sì ń dí i fún wọn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó padà wálé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó gba iṣẹ́ ní yunifásítì, ó háyà ilé sí Crusher níbi tí odò kò lè dé, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá kan, ó sì lọ pe bàbá rẹ̀. Bàbá ní òun ò lọ síbì kankan.

"Bàbá, odò Ọya ń kún lọ́dọọdún."

"Ó ti ń kún kí n tó bí ẹ."

"Ó máa ń wọ ilé Alhaja Ṣàmsíátù."

"Òdìkejì títì ni Alhaja ń gbé."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé títì iwájú ilé Bàbá ga sókè, àwọn tó wà lápá odò nìkan ni omi ń lé jáde, irú Alhaja Ṣàmsíátù, ará Ọ̀wọ̀rọ̀ tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bàbá a máa jókòó sí ẹ̀yìn títì tirẹ̀, á máa bá wọn kẹ́dùn. Ó wá sọ fún Adéòkè pé kó lọ fi onígun mẹ́ta rẹ̀ wò ó. Bí onígun mẹ́ta bá ní omi ń bọ̀, òun á kó ẹrù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí.

Adéòkè kò fọ̀rọ̀ ṣeré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, ó fi ń ya àwòrán Kpata àti Old Market láti òkè, ó sì tún ń fẹsẹ̀ rìn kiri, ó ń ya ẹ̀gbẹ́ títì àti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọlọ́kadà ní ìjọba ló ń wá ẹni tí kò ní nọ́ńbà, wọ́n sá fún ọjọ́ díẹ̀. Ó hun àwọ̀n gbogbo àdúgbò náà, tòrùlé-tòrùlé. Ihò wà lára rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó sì dí gbogbo wọn láì ronú, bí ìyàwó ilé ṣe ń bo ìkòkò. Ó wá da omi sí i lójú kọ̀ǹpútà. Omi gba ṣọ́ọ̀bù Alhaja, ó gun ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró. Adéòkè tún gbé odò sókè díẹ̀. Omi kò kọjá. Ká sọ tòótọ́, ó ń bẹ omi náà pé kó jọ̀ọ́ kó kọjá, torí ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń yí èsì padà. Ó tẹ àwòrán náà sórí pépà ńlá, ó gbé e lọ bá Bàbá bó ṣe ṣèlérí.

Bàbá wò ó pẹ́. "Ilé mi nìyí?"

"Òun ni."

"Àwọ̀ ewé yìí, gbígbẹ ni?"

"Gbígbẹ ni, sà."

Bàbá lọ wá òòlù àti ìṣó. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, á fà á wọ pálọ̀, á sì ṣàlàyé títí ẹni náà á fi máa wá ọ̀nà àtilọ. Inú Adéòkè bàjẹ́ pé Bàbá ò ní kó ẹrù kúrò mọ́, inú rẹ̀ sì tún dùn, nítorí kò tíì gbọ́ kó fi òun yangàn rí.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Alhaja Ṣàmsíátù kó bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì yà kí Bàbá pé kí Bàbá náà máa múra. Bàbá mú un lọ síwájú àwòrán. Alhaja rí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ lábẹ́ omi níbẹ̀, ó ní àwòrán náà mọ tòun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá gbé àga síwájú ilé, ó dojú kọ títì, ó ń ṣọ́ omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi gbà wọlé. Sálúbàtà tó bọ́ sí ilé ìdáná ló léfòó kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó mọ̀.

Wọ́n pe Adéòkè láàárọ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé ibì kan, ó dúró. Ẹni tó ń wà á ní, "Madam, road don finish." Adéòkè wọ́dò lọ títí omi fi mù ún dé orúnkún. Ibẹ̀ ló ti rí ihò tó gba abẹ́ títì kọjá, èyí tí Bàbá àti ẹgbẹ́ onílé bẹ ìjọba kí wọ́n lù, kí àgbàrá ẹ̀yìnkùlé lè máa rí ọ̀nà dé odò. Odò ló ń gba ibẹ̀ bọ̀ báyìí, ó ń tọ gọ́tà lọ sí ilé ìdáná bàbá rẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Adéòkè rántí ihò yẹn. Ó dúdú nínú àwòrán, ó ṣófo lára àwọ̀n, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á gidi, torí bàbá rẹ̀ ì bá ti bómi lọ.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló gbé Bàbá jáde. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé, àwòrán náà nìkan ló gbé dání.

Ní Crusher, Bàbá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé àwòrán kò ṣẹ̀, omi ló ṣìnà. Adéòkè gbọ́ ọ títí, kò lè fara dà á mọ́. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, ó fi àwọ̀n àkọ́kọ́ hàn án, ó fi èyí tó dí hàn án.

"Èmi ni mo dí i, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Ẹ má bínú."

Bàbá tẹ ojú mọ́ ọn. "Ó tó ọdún mélòó tí mo fi ń bẹ ìjọba kí wọ́n lu ihò yìí. Ìwọ dí i láì dìde lórí àga."

Adéòkè ń wo ihò náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló dé tó o fi dí i?"

"Wọ́n kọ́ wa pé ihò ò dáa, sà."

"Ṣí i, ká wò ó."

Ó ṣí i, ó sì da omi sí i. Omi gba abẹ́ títì, ó tọ gọ́tà, ilé ìdáná di búlúù. Bàbá mi orí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe wọlé. Kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn." Nígbà tí omi fà, ó padà sí Kpata.

Nígbà tí òjò ọdún kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Adéòkè gbé àwòrán tuntun lọ bá a. Àwọn aládùúgbò ti ń rẹ́rìn-ín kó tó tú u. Alhaja Ṣàmsíátù ní kí àwòrán lọ sinmi díẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Adéòkè gan-an kò dá wọn lẹ́bi.

Bàbá wò ó pẹ́. "Ilé ìdáná mi nìyí?"

"Òun ni."

"Búlúù yìí, omi ni?"

"Omi ni, sà."

Bàbá dìde, ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ. Ó ti ilẹ̀kùn pa níṣojú gbogbo wọn, ó kí wọn bí ará Bùnú, "Òkun o," ó sì wọ inú kẹ̀kẹ́.

Lọ́dún yẹn, Ọya kò kún. Ó dé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Alhaja, ó yíjú padà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn aládùúgbò ń pe Bàbá lórí fóònù láti sọ fún un pé eruku ti bo ilé ìdáná rẹ̀. Adéòkè fi ọjọ́ pípẹ́ múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì, ó ní, "Bàbá, ilé yín gbẹ o. Ó lè jẹ́ pé mo tún ti ṣàṣìṣe."

Bàbá gbójú sókè wo àwòrán tuntun náà, èyí tó ti kàn mọ́ ògiri pálọ̀ ọmọ rẹ̀ láì gbàṣẹ.

"Àṣìṣe wo? Omi ni kò tíì dé."

Ó na kọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i pé kó bu tíì sí i.