Igi Ọsàn Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ igi ọsàn létí mi, inú á kọ́kọ́ bí mi ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ẹ̀yìn Ìbà lèmi àti ọkọ mi ti ń dáko, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń pa ìjọba bí ọtí, tí katapílà ń la títì Bàdágìrì tuntun. Ará Ọ̀yọ́ ni wá. Ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ọwọ́ bàbá onílẹ̀ kan la ti gbà á, a sì ń gbé gàrí àti àkùkọ lọ fún wọn lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ewébẹ̀, ìwọ̀nyẹn la lè gbìn. Igi kẹ̀? Rárá o! Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ tó gbà dáko, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ilẹ̀ di tòun nìyẹn. Ọmọdé Ìbà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kò mọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìjọba rán wá láti yunifásítì láti kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n kó gbogbo àgbẹ̀ jọ, wọ́n ṣàlàyé pé òjò ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ oko wa lọ, pé igi eléso ló lè dá a dúró. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò béèrè ta ló ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣáà ti na ọwọ́, wọ́n á fún un ní ọmọ igi ọsàn nínú ọ̀rá dúdú. Ọkọ mi na tiẹ̀.

Mo ní, "Ṣé orí rẹ pé? Ibo lo fẹ́ gbìn ín sí?" Ẹgbẹ́ ni wá, n kì í pè é ní "ẹ".

Ó ní, "Ìjọba ló fún mi. Ta ló máa bi mí?" Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa tọrọ ilẹ̀ kiri, ó fẹ́ ní nǹkan tó máa dúró síbì kan. Ó gbìn wọ́n, ó ń bomi rin wọ́n láràárọ̀.

Ilẹ̀ ti wọ́n gógó lásìkò náà, àwọn tó fẹ́ kọ́lé ń wọ́ tọ onílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ bàbá onílẹ̀ fi ya wọ oko wa pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Àkọ́bí wọn ní, "Hú wọn!" Ọkọ mi ní òun ò hú nǹkan kan. Kùmọ̀ bà á léjìká, òmíràn bà á lẹ́nu, eyín rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ṣubú, ó tún dìde, ó dúró síwájú igi. Ni àkọ́bí yìí bá ṣá a lápá ọ̀tún, ẹran ya, mo rí egungun. Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, síbẹ̀ ó ń pariwo, "Ẹ pa mí síbí!" Wọ́n sì máa pa á. Mo rí i lójú wọn.

Ni mo bá bẹ́ wọ àárín wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo ń jù ú lu àwọn ọmọ onílẹ̀ lójú: "Ẹ gbà! Ẹ lọ jẹ ẹ́, ẹ̀yin ìkà!" Mi ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì lọ.

Mo fi ìró mi di apá rẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe títì ló gbé wa láti etí títì ní Okokomaiko dé ọsibítù. Wọ́n rán apá náà, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ò ká mọ́.

Nígbà tó padà délé, àkọ́bí onílẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní bàbá àwọn ní ká máa dáko wa lọ. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tí ìyàwó rẹ̀ sè dání. Mo rò pé ọkọ mi á da abọ́ náà nù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fún un ní ìjókòó, ó fọwọ́ òsì jẹ oúnjẹ náà tán, ó dúpẹ́.

Lálẹ́, mo gbé tèmi wá. Ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo hú wọn."

Ṣé èmi ni mo ṣá a ni? Títí tó fi kú, kò tún jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́.