Aṣọ Ìkélé Pupa Orí Òkè Mọ́kọ́lá

Òórùn òrí àti omi gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mo bí àkọ́bí mi. Yàrá kan là ń gbé ní Àgbówó nígbà náà, ìyá ọkọ mi sì wá láti Òkè-Ògùn láti bá mi wẹ ọmọ. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n á máa fi òrí pa á lára, wọ́n á sì máa kọrin. Díákónì ni bàbá ọkọ mi, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ò jọ ti ìyàwó díákónì rárá.

Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ orin. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé bàbá ọkọ mi tó ti kú ṣì lè gbọ́. Wọ́n ní àwọn bá ẹgbẹ́ eléré kan kiri ìlú nígbà kan, pé gbọ̀ngàn eré àtijọ́ tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá làwọn ti kọrin kẹ́yìn, níwájú aṣọ ìkélé pupa kan. "Oyún ọkọ rẹ ti pé oṣù mẹ́rin. Ìró ni mo fi bò ó." Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré nínú ilé mọ́. "Ìyàwó mi, mú mi lọ síbẹ̀, kí n fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ní kí ogójì ọjọ́ pé ná. Nígbà tó pé, mo bẹ̀rẹ̀ ètò. Mo jáde iléèwé girama, mo gbà pé mo mọ ètò ṣe. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: aṣọ tí Màmá máa wọ̀, fúláàsì omi ọmọ, ibi tí a ó ti wọ mọ́tò ní Ṣàngó. Eré nìkan ló kù. Mo fẹ́ kí eré gidi wà lọ́jọ́ tí a bá lọ, kí Màmá jókòó níwájú bí àlejò pàtàkì. Gbogbo pátákó ìpolówó Mọ́kọ́lá ni mo ń kà. Bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, á jẹ́ ìpàdé òṣèlú, tàbí àwọn aláwàdà tí ẹnu wọn ò mọ́. Mo ń sún un síwájú. Mo ti padà sídìí iṣẹ́ aṣọ rírán mi, Màmá ló ń bá mi tọ́jú ọmọ, wọn ò sì bi mí mọ́. Èmi rò pé wọ́n ti gbàgbé. Àgbà kì í tọrọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọmọ.

Ọmọ ti ń rá nígbà tí mo rí Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n da omi ìwẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ baàfù, tí wọ́n sì ń fọwọ́ wá a. Dókítà ojú ní ohun tó ti lọ kò lè padà. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló kù tí wọ́n ń rí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi pa mọ́ fún wa.

Mo bú sẹ́kún nínú takisí bí a ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Eré gidi ni mo ń wá látọjọ́ yìí."

"Eré kẹ̀? Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ eré? Ibi tí mo dúró sí ni mo ní kí o mú mi lọ."

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Nígbà tó dé inú tèmi, nǹkan mìíràn ló dì.

Ọjọ́ kejì gan-an la lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní, "Màmá, kò sí eré lónìí o!"

Màmá ní, "Má ṣèyọnu, a ti pọn tiwa wá."

Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn.

Mo di ọwọ́ Màmá mú gun orí ìtàgé. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì dẹtí títí ìró rẹ̀ fi rin gbọ̀ngàn já. "Ibí ni." Wọ́n gba ọmọ, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí pákó. "Bàbá rẹ ti débí rí." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Aṣọ ìkélé yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì pupa?"

Mo gbójú sókè. Búlúù ni.

"Ó pupa, Màmá."

Ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Màmá ti padà sí Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìtàn aṣọ pupa yẹn ni. Láìpẹ́ yìí, ọmọ bi mí bóyá òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé irọ́ ò dáa.

"Lọ́jọ́ tí ojú Màmá rí i," mo wí, "ó pupa."

Ó ní kí n mú òun lọ wò ó. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ń wá bàtà mi.