Iná Tó Yẹ Kó Kú

Bàbá àgbà mi ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ mọ́tò, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà tó ń yí dínámò, bí ẹni tó ń wò bóyá ìbẹ́pẹ ti pọ́n. Òórùn epo mọ́tò gbígbóná gba gbogbo àgbàlá. Nínú yàrá lẹ́yìn ògiri, ìyá mi, ọmọ bàbá yìí kan náà, ti ń rọbí láti òwúrọ̀. Àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọmọ náà dábùú, kí á tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, etí kan nínú ilé, etí kan níta.

Mọ́tò kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni báṣé awakọ̀ aládùúgbò wa, ọkọ̀ tó fi tapólì bo ẹ̀yìn, tó fi ń kó àgbàdo láti Adakplamè wá sí Kétu. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí iná pupa kékeré kan ti ń tàn níwájú awakọ̀ náà. Bí èrò ọkọ̀ bá bi í, ìdáhùn rẹ̀ ni pé, "Iná wà." Lójú tirẹ̀, bí iná bá wà, agbára wà nìyẹn. Ó tilẹ̀ ń fi yangàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, títì la tì í kí ó tó ṣiṣẹ́.

"Bàbá, bátìrì ló bàjẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ yá òmíràn."

"Bátìrì kò bàjẹ́, ebi ló ń pa á," bàbá àgbà dáhùn. "Iná tí ò ń yọ̀ mọ́ yẹn, ẹkún ló ń sun. Bí ẹ̀rọ bá ti jí, ó yẹ kí iná yẹn kú. Bí kò bá kú, bátìrì kò rí oúnjẹ jẹ nìyẹn."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mẹkanisiẹn ni, Kútọnu ló ti kọ́ṣẹ́ kí àwọn Faransé tó kó àsíá wọn lọ, ṣùgbọ́n ìdáná ìyàwó rẹ̀ ló fi ń ṣàlàyé mọ́tò. Bátìrì ni ọmọ tó ń jẹun, dínámò ni ìyá tó ń sè é, rọ́bà ni ẹni tó ń ru igi wá. Ọ̀dọ̀ onígi ló ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà le dáadáa. Ó fa wáyà wò, kò já. Ó wá ṣí ìdí dínámò, ó fẹ́ eruku pupa inú rẹ̀ dànù, ó sì yọ àwọn ṣábọ́n, èédú kékeré tó máa ń gba iná lára irin tó ń yí nínú rẹ̀. Wọ́n ti jẹ débi pé wọn kò tó èékánná mi.

"Ìyá ń sè é o," ó ní. "Ìgbakọ ló jẹ tán."

Ṣábọ́n tuntun, ó di Kútọnu. Bàbá àgbà ní kí wọ́n bá òun wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti tán. Ilé wo ni kò ní? Orí páànù la máa ń sá a sí, bóyá oòrùn á tún jí i. Ó fọ́ ọ, ó yọ ọ̀pá èédú tó wà láàárín rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kó lè wọ ààyè èyí tó jẹ. Ìyá mi kígbe. Ọwọ́ bàbá dúró díẹ̀, ó tún ń ha á lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀," awakọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kí mọ́tò dákẹ́ sínú igbó pẹ̀lú ọmọ mi? Jókòó."

Inú bí mi sí i gan-an. Mo rò pé kò gbọ́ igbe náà ni.

Nígbà tó to gbogbo rẹ̀ padà, a tún ti mọ́tò. Ẹ̀rọ bú, awakọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tẹjú mọ́ iná pupa yẹn. Lójijì ó fò jáde, ó ń pariwo ayọ̀: "Ó ti kú! Bàbá, ó ti kú!"

Ìyá àgbà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gbé omi kaná. Kò mọ nǹkan kan nípa iná. Ohun tó gbọ́ ni pé ó ti kú. Ó da omi nù, ó ké ẹkún òkú, àwọn aládùúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá àgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣe mí láàánú jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa iná yẹn, ó mọ ohun tí awakọ̀ ń wí, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ẹkún ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ìyá mi ló gbà wá. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ìbínú ló wà nínú rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló kú?"

"Iná ni, ẹ̀gbọ́n," awakọ̀ dáhùn jẹ́jẹ́.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ dúdú yẹn nu omijé, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí igbe kan tí kò gbọ́.

Iná iwájú mọ́tò mọ́lẹ̀ kedere títí wọ́n fi dé Pobẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ̀bí àbúrò mi. Láti ìgbà náà, bàbá àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ níwájú òun pé iná mọ́tò kú. Wọ́n ní kí wọ́n máa sọ pé ó ti lọ, ó kọ̀. Wọ́n ní ó ti sùn, ó ní àgbàlagbà tó kú ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Ìyá àgbà ló wá yanjú rẹ̀: "Ṣebí ẹ ní ebi ló ń pa á? Ẹ ní ó ti yó." Ohun tí à ń sọ nìyẹn, bí iná pupa kò bá tàn mọ́ lójú mọ́tò mi lónìí, ó ti yó ni mo ń wí.

Bàbá àgbà ti fi wá sílẹ̀ tipẹ́, àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí. Bí mo bá ní ìròyìn ayọ̀, n kì í pariwo rẹ̀ láti ìta. Mo máa ń rìn wọlé lọ bá ẹni tó ni ìròyìn náà, kí ó kọ́kọ́ rí ojú mi.